Ilé Là Ń Wò: Ìtàn Tòmátì àti Ìlera Rẹ̀ ní Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Kókó tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní ni bí a ṣe lè gbin tòmátì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sí ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ tòmátì. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan dá a lóhùn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbin ogún ìdí tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé. Mo ra irúgbìn tó dára, mo bu ajílẹ̀ sí i, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n yọ òdòdó, mo sì ti ń ka iye agbọ̀n tí n ó ká lọ́kàn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo jí, mo rí i pé méjì nínú wọn ti rọ. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò pọ́n, kò sì ní àmì kankan, ṣùgbọ́n ó dorí kodò bí ewé tí a da omi gbígbóná lé. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún bomi sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mẹ́tàdínlógún ti kú.

Ìyá mi wá kí wa ní àkókò náà. Wọn kò wo ewé, wọn kò wo òdòdó. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: “Kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí kí o tó gbin èyí?”

Mo ní: “Ìgbá ni, màmá. Kí ìgbá tó débẹ̀, ata la gbìn síbẹ̀.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní: “Ọmọ ìyá kan náà lo ń tò lé ara wọn lórí. Àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n ló dúró de àbúrò.”

Ìbéèrè ìtàn ni ìyá mi bi mí, èmi tí mo ka ìwé kò sì ronú kàn án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ tòmátì. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ní ìrọ̀lẹ́ òní ni pé ilé là ń wò pẹ̀lú kí a tó tọ́jú ọmọ. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí tòmátì ti wá, tí ó mọ ẹbí rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, onítọ̀hún ti mọ ìdajì ìtọ́jú rẹ̀.

Orúkọ Àlejò

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí orúkọ a máa tú àṣírí. Ohun ọ̀gbìn tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá, kò kéré rárá. Àgbàdo wà nínú wọn, ẹ̀gẹ́ wà nínú wọn, ata tí ń ta wá lẹ́nu yìí pàápàá wà nínú wọn. Síbẹ̀, bí ọmọ Yorùbá bá pe àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, ta ni yóò fura pé àlejò ni wọ́n? Ní ti ata, àwọn baba wa ti ní ataare àti ìyèré nínú igbó wọn kí ata òkè òkun tó dé. Èrò tèmi ni pé orúkọ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n nà dé ọ̀dọ̀ àlejò náà.

Tòmátì kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni ó gbé wá, kò sì tíì bọ́ ọ sílẹ̀ títí di òní. Nínú èdè Nahuatl, èdè àwọn ará Aztec ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, “tomatl”. Àwọn ará Sípéènì gbọ́ ọ, wọ́n ń pè é ní “tomate”. Àwọn Potogí àti àwọn Faransé náà gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di “tomato”. Ìyókù, ẹnu wa ló parí rẹ̀: a fi fáwẹ̀lì tì í nídìí, a fún un ní ohùn, ó di tòmátì. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà wọlé, ẹnu àwọn ará Mẹ́síkò ni orísun rẹ̀. Ohun tí a gbà tọwọ́tọwọ́ títí ó fi di tiwa pátápátá, a sábà máa ń sọ ọ́ lórúkọ fúnra wa. Èyí tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ òkèèrè ń sọ fún wa pé kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó di onílé nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ilé Tí Ó Ti Wá

Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé àkọ́kọ́ ẹbí tòmátì, ní ilẹ̀ Pérù àti Ecuador àti ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Andes. Títí di òní, tòmátì igbó ṣì ń hù níbẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, kò ju èso ẹ̀fọ́ òdú lọ púpọ̀. Etí òkun Pérù gbẹ; òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, oòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Láti ibẹ̀ ni baba ńlá tòmátì ti rìn lọ sí àríwá títí ó fi dé Mẹ́síkò. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti mú un láti inú igbó wá sínú oko, tí wọ́n ń ṣa irúgbìn èyí tó tóbi, tí wọ́n sì ń tún un gbìn, títí èso bíńtín fi di èso tó kún ọwọ́.

Nígbà tí Hernán Cortés àti àwọn ọmọ ogun Sípéènì ṣẹ́gun Tenochtitlan, olú-ìlú àwọn Aztec, ní ọdún 1521, tòmátì ti di ọjà pàtàkì níbẹ̀. Bernardino de Sahagún, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó dé Mẹ́síkò ní 1529, kọ àkọsílẹ̀ gígùn nípa ìgbé ayé àwọn ènìyàn náà láti ẹnu àwọn fúnra wọn. Ó sọ nípa oríṣiríṣi tòmátì tí àwọn òǹtajà ń pàtẹ, ńlá àti kékeré, pupa àti pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó sọ nípa ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ata, tòmátì àti èso elégédé lílọ̀ sè. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ ata àti tòmátì, tí ẹ sì ń da ẹ̀gúsí lé e, ẹ kò ha rí i pé ọbẹ̀ yín ní ìbátan lẹ́yìn òkun?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí á fi pamọ́ sọ́kàn. Ìlú Mẹ́síkò wà lórí òkè tí ó ga ju 2,200 mítà lọ sí òkun. Ọ̀sán ibẹ̀ a máa mú oòrùn wá, òru rẹ̀ a sì máa tutù. Oòrùn lọ́sàn-án, ìtútù lóru, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí: èyí ni ilé tí wọ́n ti tọ́ tòmátì dàgbà. A ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀rù Ba Àwọn Òyìnbó

Bí tòmátì ti dé Yúróòpù, wọn kò sáré jẹ ẹ́. Ní 1544, Pietro Andrea Mattioli, oníṣègùn ará Ítálì, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé níbẹ̀. Ó fi í wé ìgbá, ó sì sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi òróró àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Ní 1597, John Gerard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé ewéko rẹ̀ pé òórùn igi náà kò dára, oúnjẹ inú èso rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀rù tó ba wọn kì í ṣe lásán. Wọ́n ti mọ àwọn ewéko kan nílé wọn tí òdòdó wọn jọ ti tòmátì, tí ó jẹ́ májèlé gidi. Wọ́n wo ẹbí, wọ́n sì fura sí ọmọ. Ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Antonio Latini, alásè ní Naples, tó tẹ bí a ṣe ń fi tòmátì ṣe ọbẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú kò burú. Ibi tí wọ́n parí èrò sí ni kò tọ́. Lóòótọ́ ni tòmátì ní ẹbí, ẹbí náà sì pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa pẹ̀lú: ata, ìgbá, ẹ̀fọ́ òdú àti tábà. Ẹbí yìí kò sọ èso rẹ̀ di májèlé. Ohun tí ó pín fún un ni àìsàn.

Láti Orí Ààtàn dé Inú Ìkòkò

Ẹ jẹ́ kí á wá sílé wàyí. Ẹni tí ó bá dàgbà ní agboolé Yorùbá mọ̀ pé ibi tí tòmátì ti ń so jù lọ ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí: orí ààtàn, etí gọ́tà, ẹ̀yìn balùwẹ̀. A-lalẹ̀-hù ni. A da omi ìṣanwọ́ àti pàǹtí ọbẹ̀ nù, òjò rọ̀, ó hù. Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Omi yíyọ̀ tó yí èso inú tòmátì ká ní ohun tí kì í jẹ́ kí ó hù nínú ilé ara rẹ̀. Bí omi náà bá rà, tàbí tí inú ẹ̀dá kan bá dà á, ìdènà náà a kúrò. Ní 1961, Charles Rick, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tí ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ wá tòmátì igbó kiri, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, kọ nípa tòmátì àwọn erékùṣù Galápagos. Irúgbìn tòmátì yìí kì í fẹ́ hù bí a bá gbìn ín lásán. Wọ́n fún ìjàpá ńlá ibẹ̀ jẹ, wọ́n sì gbin èyí tó bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde: púpọ̀ nínú rẹ̀ hù. Àwa ti ń pa àlọ́ ìjàpá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ fi èyí kún àwọn ìwà rẹ̀. Ààtàn ilé wa ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ pa irúgbìn mọ́ fi ní láti fún èso náà sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó rà, kí ó tó ṣàn án, kí ó sì sá a.

Láti orí ààtàn ni ó ti bọ́ sínú ọgbà. Àwọn baba wa ní oko ẹgàn tó jìnnà, wọ́n ní oko etílé, wọ́n sì ní àkùrọ̀, ilẹ̀ olómi tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tòmátì bá ata àti ẹ̀fọ́ jókòó ní oko etílé àti àkùrọ̀. Irú èyí tí ó mọ́ ilẹ̀ wa lára, tí àwọn obìnrin ọjà ń pè ní tòmátì Yorùbá, pẹlẹbẹ ni, ara rẹ̀ rí kólokòlo, ó kan díẹ̀, omi rẹ̀ sì pọ̀. Ó ti kọ́ láti fara da òjò. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé kì í pẹ́ bàjẹ́ bí a bá gbé e rìn jìnnà.

Ohun méjì ni ó yí ọ̀ràn padà. Èkíní ni ọ̀nà. Ojú irin dé Kánò ní 1911, títì ọlọ́dà sì tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò Tiga ní ìpínlẹ̀ Kánò ní 1974, omi wà fún àgbẹ̀ ibẹ̀ láti gbin tòmátì ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí á fi pamọ́ sọ́kàn. Bí òru bá gbóná ju nǹkan bí 21°C lọ, òdòdó tòmátì a máa rẹ̀ láìso. Òru ìlú wa ní gúúsù kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, òru Kánò tutù, ọ̀sán rẹ̀ sì ní oòrùn. Ibẹ̀ jọ ilé tòmátì gan-an. Kò yani lẹ́nu pé láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó o wá fún wa.

Èkejì ni agolo. Tòmátì alágolo láti òkè òkun wọ ilé olówó àti tálákà. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí tí èdè jẹ́ sí i: ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà ni dẹ́ríkà. Kí ni dẹ́ríkà? Agolo tòmátì De Rica láti Ítálì ni. A jẹ tòmátì inú rẹ̀ tán, agolo náà sì di ohun tí a fi ń wọn oúnjẹ tí a gbìn fúnra wa. Ohun tí àwọn ará Naples kọ́ lọ́wọ́ àwọn Aztec ni wọ́n tún dì sínú páànù, tí wọ́n tà fún wa. Bí ọkọ̀ àti agolo ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé ń di ilẹ̀ tí a rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí.

Ẹbí àti Àrùn Ẹbí

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ohun tó pa tòmátì mi ni àrùn tí bakitéríà inú ilẹ̀ ń fà. Erwin Smith, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1896: ó fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan náà ni ó ń pa tòmátì, ìgbá àti ọ̀dùnkún òyìnbó. Ó ń dí ojú ọ̀nà omi inú igi, ewé a sì rọ nígbà tí ó ṣì tutù. Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ gé igi tòmátì tó rọ nítòsí ilẹ̀, ẹ rọra fi ojú ibi tí ẹ gé sínú omi tó mọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ohun funfun bí wàrà bá ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ bí èéfín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àrùn náà nìyẹn. Kò sí oògùn tí a ó fọ́n sí i tí yóò là. Bí a bá ń bu omi lé e, bí mo ti ṣe, ńṣe ni a ń bá a gbé àrùn náà kiri.

Ẹ wo tábà náà, ìbátan mìíràn. Ní 1886, Adolf Mayer ní Họ́láńdì kọ̀wé nípa àrùn tí ń sọ ewé tábà di alámì ràkọ̀ràkọ̀. Ó fi hàn pé omi ewé tó ń ṣàìsàn lè kó ran èyí tó lera. Ní 1892, Dmitri Ivanovsky ní Rọ́ṣíà rí i pé ohun tó ń fa àrùn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí asẹ́ tí ń dá bakitéríà dúró kò lè dá a dúró. Ní 1898, Martinus Beijerinck sọ pé ohun ọ̀tọ̀ ni, ó sì pè é ní fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì, tí ó wá gba àìmọye ẹ̀mí ènìyàn là, ara ewé tábà ló ti bẹ̀rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí kan náà ń mú tòmátì, ó sì lè wà lára tábà gbígbẹ. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan tòmátì. Kì í ṣe èèwọ̀ lásán. Ọ̀ràn ẹbí ni.

Ṣùgbọ́n ẹbí tó ń pín àrùn a máa pín ìwòsàn pẹ̀lú. Ní nǹkan bí 1940, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé tòmátì igbó kan láti Pérù kò gba àrùn Fusarium, èbu inú ilẹ̀ tí ń pọ́n ewé tòmátì títí yóò fi gbẹ. Wọ́n mú un bá tòmátì oko lòpọ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà V àti F lẹ́yìn orúkọ irúgbìn, bíi Roma VF tí ó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà, F yẹn ń tọ́ka sí ààbò sí Fusarium. Láti ara tòmátì igbó mìíràn ní Pérù ni wọ́n ti rí ààbò sí aràn wẹ́wẹ́ tí ń sọ gbòǹgbò di kókó-kókó. N ni àmì tirẹ̀. Ààbò yìí a máa dín kù bí ilẹ̀ bá gbóná ju 28°C lọ. Ìdí kan nìyí tí ó fi dára kí àwa fi koríko gbígbẹ bo ìdí tòmátì wa.

Níhìn-ín náà, iṣẹ́ ti wáyé. Ní 1975 ni ìjọba dá ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí a mọ̀ sí NIHORT sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ ní fásitì yan irúgbìn tí wọ́n pè ní Ife-1. Ní 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀: wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dá oko, kódà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì lọ sóko ní ìsinmi. Ìjọba yí padà, ètò náà lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló tún gbé ọkọ́ lẹ́yìn tí ariwo rẹ̀ rọlẹ̀.

Ọdún 2016

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1917, wọ́n ṣàpèjúwe àfòpiná kékeré kan láti Pérù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta báyìí. Ìdin rẹ̀ a máa wọ àárín ewé tòmátì, a jẹ inú rẹ̀, a fi awọ sílẹ̀. A sì tún wọ inú èso. Abo kan lè yé ẹyin tó 260. Ní 2006, ó dé Sípéènì. Láàárín ọdún díẹ̀ ó la àríwá Áfíríkà kọjá. Nígbà tó di 2016, ó ti wọ oko tòmátì ní àríwá Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Kadawa ní Kánò láti máa ṣe tòmátì lílọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta, dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Owó agbọ̀n tòmátì fò sókè ní Ìbàdàn àti Èkó. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Ebola tòmátì. Àgbẹ̀ tó yáwó ṣọ̀fọ̀, ìyá olóúnjẹ ṣọ̀fọ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí kòkòrò náà tọ̀: Pérù, Sípéènì, Áfíríkà. Ọ̀nà tí tòmátì fúnra rẹ̀ tọ̀ ni. Ọ̀tá ilé ló wá àlejò rí lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 500. Ó sì bá wa ní ipò tí kò dára: gbogbo wa ti gbé ìkòkò lé oko apá kan ṣoṣo. Mi ò sọ pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé lè bọ́ Èkó. Kò lè bọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé rẹ̀ ní ìdí tòmátì mẹ́wàá-mẹ́wàá, àjálù oko kan kò lè gbẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán.

Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Ọlọ́gbà

Kí ni kí á ṣe? Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀, inú ìtàn tí a ti gbọ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ti wá.

Èkíní, ọmọ ilẹ̀ olóòrùn ni. Ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn yóò ti rí i fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ fi nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìdí kan sí èkejì, ẹ sì fi igi gbè é kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

Èkejì, ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé òjò. Ẹ gbin irúgbìn sí ilẹ̀ kékeré kan nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, kí ẹ ṣí i lọ síbi tí yóò dúró sí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó lè so nígbà ọyẹ́. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bomi sí láàárọ̀, kì í ṣe orí ewé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá lónìí kí ẹ sì rì í sómi lọ́la. Èyí ni ó sábà ń mú kí ìdí èso dúdú kí ó sì jẹrà, nítorí pé kálísíọ̀mù kò lè dé inú èso. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọ́n oògùn kòkòrò sí èyí, nígbà tí kò sí kòkòrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi ilẹ̀ léèrè gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti bi mí. Ilẹ̀ tí ata, ìgbá, òdú tàbí tábà bá kúrò lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi ọdún mẹ́ta gba àgbàdo. Ṣọkọ kò dára ṣáájú tòmátì, nítorí pé aràn gbòǹgbò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí ilẹ̀ yín bá kéré, tàbí tí ó jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, ẹ da erùpẹ̀ tuntun àti ajílẹ̀ tó ti rà dáadáa sínú àpò ìrẹsì tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti lu nídìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa wo ẹ̀yìn ewé lójoojúmọ́. Ewé tí ẹ bá rí ọ̀nà ìdin nínú rẹ̀, ẹ já a, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sá a sóòrùn kí ohun inú rẹ̀ kú. Igi tó bá rọ láìpọ́n, ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn. Ààtàn tó ń bá wa gbin tòmátì lè bá wa gbin àrùn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan parí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ta ni a ń rán lọ sí ọgbà? Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ẹni tó jalè. A ti sọ ọkọ́ di ẹgba. Ọmọ tí a fi ọgbà jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà, ṣé yóò fẹ́ rí ọgbà nígbà tó bá di ọ̀gá? Lẹ́yìn náà ni a ó tún máa bínú pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò mọ ìdí tí tòmátì fi kú. Èmi fúnra mi jẹ́ ẹ̀rí: mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ “tòmátì” ti wá kí n tó mọ ohun tó ń pa á. Ìmọ̀ méjèèjì yẹ kí ó wà pọ̀. Ìyá mi kò mọ Nahuatl, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìbéèrè tó tọ́. Bí a bá jẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá àwọn àgbà lọ, bí ìwé ṣe wù kí ó kún orí wa tó, ọbẹ̀ wa yóò máa dúró de ọkọ̀.

Tòmátì mẹ́ta tó kù nínú ọgbà mi lọ́dún náà so. Ìyá mi ní kí n má ṣe jẹ ẹ́ tán. Irúgbìn wọn ni mo ṣì ń gbìn, lórí ilẹ̀ mìíràn.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni orúkọ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti tòmátì lè kọ́ wa nípa ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di onílé lọ́dọ̀ wa? Ibo ni ẹ̀rí èdè mọ?
2. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí tòmátì fi ń ṣe dáadáa ní àríwá nígbà ọyẹ́.
3. “Ẹbí tó ń pín àrùn a máa pín ìwòsàn pẹ̀lú.” Ẹ fi àpẹẹrẹ méjì láti inú ọ̀rọ̀ yìí gbè é lẹ́sẹ̀.
4. Ṣé ó tọ́ kí á máa fi iṣẹ́ ọgbà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà? Ẹ jiyàn lé e lórí.